Ó Wọ Ojú Ìwé Kan

Kò sí ọgbẹ́ kankan lára Ìyá Ìdíátù. Ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò fọ́, ẹ̀gbà wúrà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin náà kàn sùn sórí ẹní nínú yàrá tó fara ti sítóò ẹ̀wà rẹ̀ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, kò sì jí mọ́. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba yẹ òkú rẹ̀ wò fínnífínní kí àwọn ẹbí tó gbé e lọ sin ní ìlànà Mùsùlùmí. Ó ní afẹ́fẹ́ májèlé ló pa á.

Èmi, Kọ́púrà Adétúnbọ̀, ni wọ́n ní kí n tẹ̀lé Ìnspẹ́kítọ̀ Susanna Kọ́mọláfẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere, n kò fẹ́ràn àtibá obìnrin yẹn ṣiṣẹ́. Ó máa ń dákẹ́ jù. Onísábáàtì ni, bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, ẹ̀dá kan kò lè rí i ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ́ títí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi wọ̀, àwa yòókù la ó sì máa sáré kiri. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Wọ́n ti ṣí gbogbo fèrèsé ilé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé. Síbẹ̀, òórùn kan ṣì kù nínú sítóò náà, ó jọ òórùn aáyù.

"Ìyá yìí kì í ta aáyù," Ìnspẹ́kítọ̀ ní.

Àpò ẹ̀wà tò dé òkè. Wọ́n fi tapólì bò wọ́n, wọ́n sì fi òkúta tẹ etí tapólì náà mọ́lẹ̀ yíká. Ìnspẹ́kítọ̀ ká etí kan sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àpò. Àwo pẹlẹbẹ kéékèèké wà níbẹ̀ pẹ̀lú eérú díẹ̀ nínú wọn.

"Oògùn kòkòrò ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń pa kòkòrò. Adétúnbọ̀, wòkè."

Mo wòkè. Ògiri tó pín sítóò náà àti yàrá ìyá náà kò kan páànù. Ológbò lè gba òkè ibẹ̀ kọjá láìfara kan nǹkan.

Bébà kan wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì so pẹ́ńsù kan mọ́ ìṣó náà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ní èdè Yorùbá, bí a ṣe ń lo oògùn ẹ̀wà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún un láti etí dé etí, láti òkè délẹ̀, kò sí ibi tí ojú lè sinmi lé. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àwọn gbólóhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá náà ló fa ìlà yìí," Ìnspẹ́kítọ̀ ní. "Bó bá ṣe ọ̀kan tán, á fa ìlà sí i, á bọ́ sí òmíràn. Ó fara balẹ̀ ṣe é."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà. Ọkọ mi ló pa Màámi."

A yíjú. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ṣìkẹ́mi ni, Ìdíátù gan-an, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí.

"Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ìnspẹ́kítọ̀ bi í.

"Òun ló ra oògùn náà. Òun ló mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn wá láti yunifásítì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kò sùn sílé. Màámi ò fẹ́ kí n fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. Ó ti sunkún títí ohùn fi há. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ní tèmi, ẹjọ́ ti parí.

*

Afọláyan, ọkọ Ṣìkẹ́mi, ti wà ní àtìmọ́lé wa láti ọjọ́ tí wọ́n rí òkú náà. Ní yunifásítì ìjọ kan lápá Ìkẹ́nnẹ́ ló ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Wọ́n mú un jókòó síwájú wa, irùngbọ̀n ti hù lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo ra oògùn náà?" Ìnspẹ́kítọ̀ bi í.

"Èmi ni, mà. Wọ́n ní kòkòrò ti ń jẹ ẹ̀wà àwọn."

"Níbo lo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Yàrá kọ̀ǹpútà. A ń to ẹ̀rọ tuntun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rí mi."

"Ìwé tó wà lára ìṣó ń kọ́? Ṣé o kà á?"

"Ní àárọ̀ tá a bá òkú wọn ni mo kà á."

"Kí lo rí nínú rẹ̀?"

"Mi ò ní nǹkan kan láti wí mọ́, mà."

Inú bí mi, mo fọwọ́ lu tábìlì. "Lọ́jọ́ Ajé, kóòtù lò ń lọ. Ìpànìyàn ni wọ́n máa kà sí ẹ lọ́rùn. Ṣé o mọ ibi tí ìyẹn ń gbé èèyàn lọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà." Ó gbójú sókè wò mí. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀, kò pa á mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé Ṣìkẹ́mi ń jẹun?"

Mo sọ lọ́kàn pé òṣèré ni. Ìnspẹ́kítọ̀ wò ó títí wọ́n fi mú un padà.

*

Ẹnì kan ṣì kù tí mo fẹ́ fura sí, Yésúfù, àbúrò olóògbé. Òun ló fa Afọláyan wá sí àgọ́ wa ní kọ́là ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ sítóò wà báyìí. Mo ti rí àbúrò tó jogún sítóò ní wéréwéré rí. A bá a lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ká tẹ̀sùbáà sọ́wọ́.

"Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tí ìyá ń lo oògùn yìí?" mo bi í.

"Níbí ni mo wà. Èmi ni mo bá a gbé òkúta tá a fi tẹ tapólì." Omi lé sí i lójú. "Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ mú mi, mú mi. Èmi náà gbé òkúta tó pa á."

"Ta ló ń ka ìwé náà fún yín?" Ìnspẹ́kítọ̀ bi í.

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á, mò ń ṣe é. Títí tá a fi dé ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ó ní, 'Yésúfù, ó ti tán, wọ́n ti ń dúpẹ́.' Ló bá yọ awò ojú. La bá lọ jẹun."

Ìnspẹ́kítọ̀ dá ọwọ́ dúró lórí ohun tó ń kọ. "Ó ní wọ́n ti ń dúpẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Ó mú bébà náà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà pẹ́ńsù lọ. Ìlà pẹ́ńsù dúró síbi "Ẹ bo àwọn àpò náà dáadáa." Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tẹ̀ lé e láìsí àlàfo, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àdírẹ́sì, gbólóhùn kan wà tí n kò tíì rí láti ọjọ́ yìí. Mo sún mọ́ ọn, mo kà á: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé tí oògùn yìí wà, bí ògiri tilẹ̀ pín wọn."

Mo tún un kà.

"Ta ló ń ka ìdúpẹ́ dópin, Adétúnbọ̀?" Ìnspẹ́kítọ̀ béèrè, ó sì dá bébà náà padà sínú báàgì.

*

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ni Ọ̀mọ̀wé Adéwọlé, olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tí Afọláyan ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́ ni, ẹ̀rín kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó mú wa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó ń yọ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni àpótí pupa kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, àyè funfun sì yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé tí oògùn yìí wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìgbésẹ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.

"Ẹ ò rí i bó ṣe hàn kedere?" Ọ̀mọ̀wé ní, inú rẹ̀ dùn. "Èèyàn kì í ka ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ka ìwé, mà. Ojú ẹ̀ á máa fò ni, ibi tí àyè bá wà ló máa bà lé. Tí mo bá to gbogbo ẹ̀ pọ̀ gìdìgbà, kò sẹ́ni tó máa kà á. Mo ń kọ ìpínrọ̀ kúkurú, mo ń fún un ní àkòrí. Èyí tó bá lè pa èèyàn, mo máa ń gbé e sókè lóun nìkan, mi ò ní jẹ́ kí nǹkan kan sún mọ́ ọn."

Ìnspẹ́kítọ̀ tẹ́ bébà ara ìṣó náà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà.

"Wọ́n ti tú àpótí náà," ó ní. "Ta ló ṣe báyìí sí i?" Ó wò wá lójú. "Ìyá tó kú ní Ẹ̀pẹ́... ṣé èyí ló tẹ̀ lé?"

"Èyí ni, sà," Ìnspẹ́kítọ̀ ní.

Ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó tẹ ojú ìwé mẹ́ta jáde fún wa gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní Afọláyan ló béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ òun fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó sì dà á sínú dísíkẹ́ẹ̀tì láti fi gbé e lọ.

*

Nínú takisí akérò tó ń gbé wa padà sí Ṣàgámù, n kò lè pa á mọ́ra. "Màdáámú, ó ti yé mi. Afọláyan mọ kọ̀ǹpútà. Ó tú àpótí náà, ó fi ọ̀rọ̀ ikú pa mọ́ sábẹ́ àdírẹ́sì, ó fún ìyá, ó wá lọ sùn síbòmíràn. Ó tán."

"Bó o bá fẹ́ pa mí, tó o sì ní ìwé tí yóò gbà mí là lọ́wọ́, kí lo máa ṣe sí gbólóhùn yẹn?"

"Màá yọ ọ́ kúrò."

"Ẹni yìí kò yọ ọ́. Mo ti fi méjèèjì wéra, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Àní orúkọ àwọn tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé. Ó dín lẹ́tà kù, ó fa ìlà súnmọ́ra, ó kó gbogbo rẹ̀ wọ ojú ìwé kan láìfi nǹkan kan ṣòfò. Apànìyàn kì í ṣe ìtọ́jú báyẹn, Adétúnbọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ni."

Mo ronú sí i. "Níbo ni Ṣìkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ń yé ẹ," ó ní.

Oòrùn ọjọ́ Ẹtì ti ń rọlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó ní ká pàdé lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní, "Màdáámú, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ìjàm̀bá ni, ká tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ká fi ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kó máa bá ẹni tó gbà pé ó pa ìyá òun gbélé? Títí di ìgbà wo?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Gbàdúrà fún mi. Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

*

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí Ṣìkẹ́mi ti ń tẹ̀wé wà nítòsí oríta márosẹ̀. Wọ́n ti ní kó jókòó sílé ṣọ̀fọ̀, ó ní ilé ń pa òun, iṣẹ́ sàn. Kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló wà níbẹ̀, tàdáwà dúdú nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n lẹ àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe mọ́ ògiri: ètò ìsìn, ìkéde òkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo wò wọ́n yíká. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kún láti etí dé etí.

Bàbá kan tó ń ta táyà ní Ògèrè wà níwájú tábìlì, ó mú òfin ẹgbẹ́ wọn wá fún títẹ̀.

"Ọmọ dáadáa," ó ní, "bá mi fún un pọ̀ bó o ṣe máa ń ṣe, kó wọ ojú ìwé kan. Ìwọ nìkan lo máa ń ro tàwa mẹ̀kúnnù. Àwọn tó kù, wọ́n á kàn fi àyè òfìfo gba owó wa."

"Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Màá fún un pọ̀."

Bàbá náà súre fún un, ó sì lọ. Mo rí i tí Ìnspẹ́kítọ̀ di ojú rẹ̀. Nígbà tó là á, ó tẹ́ ojú ìwé mẹ́ta Ọ̀mọ̀wé sórí tábìlì.

"Ṣìkẹ́mi, ṣé o mọ èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì tí Afọláyan mú wá. Òun ní kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ó wá sáré lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́ta, àyè lásán ló pọ̀ níbẹ̀! Mo fẹ́ kí Màámi lè fi kọ́ ìṣó, kí wọ́n rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má máa ṣí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ tó ní oògùn."

"Àpótí pupa yìí ń kọ́?"

"Òun ni ò jẹ́ kó wọlé. Mo tú u, mo kó ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sí ìsàlẹ̀." Ó gbórí sókè, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ òun. "Mi ò gé nǹkan kan kúrò o, mà. Mi ò kì í gé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé o kà á?"

"Ẹni tó bá ń ka ohun tó ń tẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò lè yá. Mo kàn..."

Ó ti mú ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ bà lé àpótí náà, nítorí kò sí ibòmíràn tí ojú lè bà lé níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó dé òpin rẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ já ìwé náà gbà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Ìsàlẹ̀ wo ni mo kó o sí?" ó béèrè.

Ó gbójú sókè wo Ìnspẹ́kítọ̀.

"Mà, ṣé wọ́n kà á débẹ̀?"

"Wọn ò kà á débẹ̀, ọmọ mi." Ìnspẹ́kítọ̀ yí tábìlì náà po, ó gbá a mú kó tó ṣubú. Igbe tí ọmọbìnrin yẹn ké, àwọn tó ń ta búrẹ́dì létí títì sá wọlé wá wò ó. Mo ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá pẹ́, mo ti gbọ́ igbe. N kò fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn mọ́ láyé mi. Èmi náà sunkún, n kò sì bò ó.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú Afọláyan sílẹ̀. Ṣìkẹ́mi dúró dè é lábẹ́ igi tó wà níwájú àgọ́. Ìnspẹ́kítọ̀ àti èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O mọ̀," Ṣìkẹ́mi ní.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti rí ìwé yẹn lára ìṣó. Mo mọ ọwọ́ ẹ."

"Mo pè ẹ́ ní apànìyàn lójú gbogbo ayé. O sì dákẹ́."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, Ṣìkẹ́mi? Ìwọ?"

Ṣìkẹ́mi bojú wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Mo rò pé kò gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Afọláyan kò fipá mú un. Ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká tirẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ kí Bàbá Yésúfù," ó ní. "Wọ́n rò pé òkúta àwọn ló pa Màámi."

Wọ́n bọ́ sí ojú títì, wọ́n forí lé Ẹ̀pẹ́. Mo fojú sin wọ́n lọ títí wọ́n fi yà. Àyè kan wà láàrin àwọn méjèèjì tó gba odidi ènìyàn kan, kò sì sí èyí nínú wọn tó gbìyànjú láti fún un pọ̀.